Àmín Tó Wúwo Lẹ́nu

Bàbá wa ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba. Ọdún 2015 wà lára àwọn ọdún tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù, ìpínlẹ̀ tiwa náà kò sì gbẹ́yìn. Oṣù kìíní lọ, a ní kò burú. Oṣù kejì lọ, a ní wọ́n á san án pọ̀ ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan mọ́ nílé wa. Àkàrà àti ògì tí Màmá wa ń tà láàárọ̀ ni gbogbo wa gbójú lé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Gàrí tí à ń fi ṣúgà àti ẹ̀pà mu tẹ́lẹ̀ wá di oníyọ̀. Bàbá wa tó máa ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, títí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi jẹ. Ìyá tó ń tajà láwìn fún wa lójúde ò fi bẹ́ẹ̀ dá wa lóhùn mọ́ tá a bá kí i.

Síbẹ̀, alaalẹ́ là ń gbàdúrà. Màmá wa ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. A dúpẹ́ fún kẹrosíìnì tó kù nínú àtùpà. A dúpẹ́ pé àkàrà tà tán. Ká má purọ́, inú máa ń bí àwa ọmọ. Lójú tiwa, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onígbèsè tí kò tíì san kọ́bọ̀. Ṣebí ohun tá a ti ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré ni pé ẹni tó bá gbààwẹ̀, tó sì san ìdámẹ́wàá, nǹkan rẹ̀ á máa lọ déédéé? A ti ṣe gbogbo ẹ̀. Kí ló wá dé?

Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin yege nínú JAMB, tí yunifásítì kan sì gbà á wọlé. Owó tó máa kọ́kọ́ san láti fi hàn pé òun gba àyè náà jẹ́ 20,000 náírà. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá wa yá owó títí, ojú tì í. Lálẹ́ ọjọ́ tí àyè máa tì, gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì kò ju 11,000 lọ. A jókòó tì í títí aago méjìlá fi lù.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá wa tún fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ẹ̀gbọ́n wa kò ṣe àmín. Àwa tó kù náà pa ẹnu mọ́. A ti ń retí ariwo.

Bàbá wa ló sọ̀rọ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò lè fi gbogbo ẹnu ṣe é mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan." A ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Àjàyí Crowther, bí ẹni ń sọ ìtàn mọ̀lẹ́bí. Lọ́dún 1821, ogun kó Òṣóògùn, wọ́n sì so Àjàyí lókùn mọ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Ọmọ bí ọdún 12 ni. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Potogí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó ṣèrìbọmi lọ́dún 1825, ó di àlùfáà lọ́dún 1843. Ọdún 1846 ló tó rí ìyá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ọdún 25! Wọ́n di ara wọn mú, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò lè sọ̀rọ̀.

"Lọ́jọ́ tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀," Bàbá wa ní, "kò mọ̀ pé 1846 ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n wa wá bi í pé, "Àwọn tí wọn ò rí ìyá wọn mọ́ títí wọ́n fi kú ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. "Mi ò mọ̀," ló ní.

Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ba ìgbàgbọ́ wa jẹ́. Òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Títí dìgbà yẹn, a rò pé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ gbọ́dọ̀ ní èsì fún gbogbo ìbéèrè. Bàbá wa ò ní èsì, síbẹ̀ kò dìde kúrò níbi àdúrà.

Màmá wa ṣí Bíbélì sí ìwé Hábákúkù, orí kẹta. A ti kà á rí, ṣùgbọ́n a ò ṣàkíyèsí pé kí wòlíì náà tó sọ pé òun máa yọ̀, ó ti kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí kò sí: èso igi ọ̀pọ̀tọ́, àjàrà, oúnjẹ oko, ẹran inú agbo. Kò fi ọ̀kankan pa mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àdúrà ilé wa ti yàtọ̀. Màmá wa á dúpẹ́, ọ̀kan nínú wa á sì ka ohun tí kò sí. "Olúwa, 9,000 náírà ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa wọlé." Kò sẹ́ni tó ń fi ọpẹ́ bo ẹkún mọ́lẹ̀ mọ́. Ibi tá a ti wá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìyẹn: a rí i pé a lè sọ òótọ́ fún un, kó má sì lé wa.

A ò ní sọ fún yín pé ìyà dára. Ìyà ò dára, ẹni tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó sì ṣẹ̀. Ìdajì ìdajì ni wọ́n san owó náà nígbà tó yá. Ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ẹ̀gbọ́n wa lọ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Olùkọ́ ni báyìí, àmọ́ yunifásítì yẹn ṣì máa ń dùn ún.

Kálukú wa ti wà ní ìlú tirẹ̀ báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ Sunday, a máa ń pàdé lórí fóònù. Màmá wa á fi ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wa á ka ohun tó ń dun ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa á ṣe àmín. Nígbà mìíràn ó máa ń wúwo lẹ́nu, ṣùgbọ́n tiwa ni.