Ọmọ Tí Ó Gba Iṣẹ́ Baba Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá, títí di ọjọ́ tí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi àgbà búra láti di dókítà ní Ìbàdàn.

Dókítà ni ẹ̀gbọ́n mi náà. Wọ́n ti lé ní ọdún 25 lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ọmọ wọn kọ́kọ́ sọ pé iṣẹ́ yìí ni òun yóò kọ́, wọn kò yọ̀. Wọ́n sọ fún un nípa àìsùn òru, àti nípa aláìsàn tí í kú mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Wọ́n rán an létí ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh ni kò jẹ́ kí aláìsàn tí ó gbé àrùn náà wọ̀lú jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ṣùgbọ́n àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Dókítà ni baba tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó." Ọmọ náà gbọ́, kò fèsì, ó lọ fi ọdún 6 kọ́ iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ ìbúra, gbogbo wa ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ó dákẹ́. Nígbà tí a délé, ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní:

"Bàbá, ẹ má bẹ̀rù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi kì í sùn títí ẹ ó fi dé láti ibi iṣẹ́. Bí aláìsàn bá yè, ẹ ó máa súfèé wọlé. Bí ó bá kú, ẹ ó pa iná ọkọ̀, ẹ ó sì jókòó pẹ́ nínú òkùnkùn. Mo máa ń wò yín láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún múra, ẹ ó tún padà lọ. Ohun tí mo rí nìyẹn tí mo fi yan iṣẹ́ yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n mú ohun èlò tí wọ́n ti fi ń gbọ́ àyà aláìsàn láti ìgbà èwe wọn jáde, wọ́n sì fi kọ́ ọmọ náà lọ́rùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òótọ́ ni pé àgbà ń rí ohun tí ọmọdé kò rí. Ṣùgbọ́n ọmọdé a máa rí àgbà pẹ̀lú, pàápàá ní ìgbà tí àgbà rò pé kò sí ẹni tí ń wo òun. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.