Kò Sí Agogo Mọ́: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Wọ Fásitì

Àdùnní mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú oríire, mo sì kí ọ kú ìmúra ìrìn àjò. Gbogbo òru tí o fi jókòó ti ìwé nítorí WAEC àti JAMB kò já sí asán. Orúkọ rẹ ti jáde, Ilé-Ifẹ̀ sì ń dúró dè ọ́. Èmi àti bàbá rẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi pọ̀ ju èyí tí a lè sọ ní gáréèjì lọ, níbi tí dírẹ́bà ti ń kánjú. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lè kà á ní ìrọ̀rùn, kí o sì tún máa padà kà á nígbà tí ojú bá ń pọ́n ọ.

Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí, má gbàgbé ẹyọ kan yìí: láti ìsinsìnyí lọ, kò sí ẹni tí yóò máa lé ọ kiri mọ́. Ní ilé ìwé girama, agogo ló ń kó yín wọ kíláàsì, agogo náà ló ń tú yín sílẹ̀. Olùkọ́ ló ń pe nóòtì tí ẹ ń kọ, òun ló ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, bí o kò bá sì wá, wọn á fi fóònù pè mí. Ní fásitì, o lè bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ jókòó nínú gbọ̀ngàn kan, olùkọ́ lè má mọ orúkọ rẹ títí sáà yóò fi parí. Bí o bá sùn títí di ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kò ní kan ilẹ̀kùn. Òmìnira ni, ó tọ́ sí ọ, mo sì bá ọ yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti di tìrẹ, ọwọ́ rẹ ni ìtọ́jú rẹ̀ wà.

Má ṣe wọ fásitì Ilé-Ifẹ̀ bí àlejò tó ń bẹ̀rù onílé. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ló fi òfin dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀ ní ọdún 1961. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, akẹ́kọ̀ọ́ 244 péré ló wà níbẹ̀, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ń kàwé kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwásanmí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀, ló wà nídìí ìkọ́lé náà nígbà tó jẹ́ gíwá. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ papòdà ní ọdún 1987, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tó ronú kan gbogbo èyí ń ro ti ọmọ bíi tìrẹ. Nítorí náà, nígbà tí o bá wọ ilé ìkàwé yẹn, gbé orí sókè, kí o sì lò ó dáadáa.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí o máa ṣe lẹ́yìn tí o bá ti rí yàrá ni ìforúkọsílẹ̀. Má fi sílẹ̀ di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti pọ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ́ọ̀sì tí o kò bá forúkọ sílẹ̀ fún, bí o tilẹ̀ jókòó nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, wàhálà ni èsì rẹ̀ yóò dà. Lọ bá olùdámọ̀ràn tí wọ́n yàn fún ìpele yín, kí ó wo kọ́ọ̀sì tí o mú kí o tó buwọ́ lù ú. Tọ́jú gbogbo rìsíìtì, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì àti lẹ́tà ìgbàwọlé sínú fáìlì kan, kí o sì ya fọ́tò wọn sórí fóònù. Wọ́n lè béèrè rìsíìtì ọdún àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ ní ọdún tí o bá fẹ́ jáde. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ilé ìwé. Má ṣe dúró dìgbà tí ibà bá ti dá ọ dùbúlẹ̀ kí o tó máa wá ọ̀nà ibẹ̀.

Wàyí o, jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ ọ́n títí ọ̀rọ̀ fi ń bẹ́yìn yọ. Ní fásitì, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀. Bí o bá gba A, ìyẹn 70 sókè, yúníìtì kọ̀ọ̀kan á mú 5 wá. B á mú 4 wá, C á mú 3, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ sílẹ̀. Wọn á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn á sì fi àpapọ̀ yúníìtì tí o forúkọ sílẹ̀ fún pín in. Èyí tó bá jáde ni GP rẹ. F kò mú nǹkan kan wá, síbẹ̀ yúníìtì rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín. Ìdí nìyẹn tí carry-over kan ṣoṣo, ìyẹn kọ́ọ̀sì tí èèyàn fìdí rẹmi nínú rẹ̀ tó sì ní láti tún ṣe, fi lè fa gbogbo ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ro ti gbogbo sáà pọ̀, first class bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, second class upper bẹ̀rẹ̀ láti 3.50.

Ọdún 4 ni kẹ́mísírì tí o fẹ́ kà, sáà 8 nìyẹn. Ká ní yúníìtì inú wọn dọ́gba. Bí o bá fi sáà àkọ́kọ́ wòran, tí o gba 2.50, wàá ní láti máa gba bíi 4.79 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sáà 7 tó kù kí o tó lè kan 4.50. Bí o bá sì gba 4.60 ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, ohun tó dín díẹ̀ sí 4.50 yóò tó ọ nínú ìyókù. Sáà tí ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pè ní ìgbà ìgbádùn, tí wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, òun gan-an ló ń dè wọ́n lẹ́sẹ̀ nígbà tó bá yá. CHM 101, MTH 101 àti PHY 101 lè jọ ohun tí o ti mọ̀ láti ilé ìwé girama. Má fojú di wọ́n.

N kò sọ èyí kí àyà rẹ lè já. Ìfẹ́ mi sí ọ kò sí nínú nọ́ńbà kankan. O ti jẹ́ ọmọ mi kí o tó mọ A yàtọ̀ sí B, ọmọ mi náà ni wàá sì jẹ́ bí èsì bá burú. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí o mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí agbára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ láti ṣe nǹkan sí i.

Ìwé kíkà dà bí àjọ dídá. Ẹni tó ń dá díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kì í mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá fẹ́ san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ni yóò máa sá fún alájọ. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ ní nǹkan, kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ, nítorí kò sí ẹni tí yóò pe nóòtì fún ọ mọ́. Wá ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá, kí o sì gbìyànjú láti dáhùn wọn láì wo ìwé. Wá ọmọ 2 tàbí 3 tí ẹ ó jọ máa kàwé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣàlàyé fún èkejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí o sì máa sùn. Orí tí kò sùn kì í rántí ohun tó kà.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ lo máa ń ṣe ipò kìíní ní ilé ìwé rẹ. Ibi tí o ń lọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ jọ máa jókòó ló ṣe ipò kìíní níbi tí wọ́n ti wá. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí o kò ní lóye ohun tí olùkọ́ ń sọ, tí yóò sì dà bíi pé ó yé gbogbo èèyàn, ìwọ nìkan ni kò yé. Irọ́ ni. Àwọn náà ń bẹ̀rù láti béèrè ni. Dìde, béèrè. Ojú lè tì ọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àìmọ̀ ni kì í lọ bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, abèèrè kì í sì í ṣìnà. Lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì lákòókò tó rọrùn, kí o kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe kọ́ ọ, kí o sì sọ ohun tó rú ọ lójú.

Ní ti àwọn olùkọ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òbí bíi tiwa, wọn á sì ràn ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ fún àgbà kò sọ pé kí o gba ìwọ̀sí lára. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ lọ̀ ọ́ nítorí máàkì, ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀. Pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, kí o sì tọ́jú gbogbo ẹ̀rí. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo rán ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti ilé ẹ̀kọ́ yín yìí lọ sẹ́wọ̀n lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà gbà sílẹ̀ lórí fóònù ló tú àṣírí. Kò dákẹ́, kò sì nìkan jà.

Yan ọ̀rẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Wàá bá ọmọ Íbò, ọmọ Haúsá, ọmọ Tífì àti ọmọ Edó gbé nínú yàrá kan. Jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan, kí ìwọ náà kọ́ wọn. Ṣọ́ra fún ẹgbẹ́ tó ń pe èèyàn sí ìpàdé tí kò lórúkọ, tàbí àríyá tí a kò mọ ẹni tó ń náwó rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ya wọ Awólọ́wọ̀ Hall lóru, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ 5. Ìyá wọn náà ló di ẹrù fún wọn tó sìn wọ́n lọ sí ilé ìwé. Bí ibì kan bá ti ń kọ ọ́ lóminú, dìde kí o máa bọ̀. O kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé.

Owó tí a ń fún ọ kò pọ̀, o mọ ibi tó ti ń wá. Ní ọjọ́ tó bá wọlé, yọ ti oúnjẹ àti ti ọkọ̀ sọ́tọ̀ kí o tó fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì tí mo dì fún ọ, fara balẹ̀ sè é. Oúnjẹ rírà lójoojúmọ́ ló ń jẹ owó akẹ́kọ̀ọ́ tán. Má ta tẹ́tẹ́. Má yá owó lórí áàpù fóònù, nítorí èlé wọn kò láàánú, àwọn kan nínú wọn á sì máa ránṣẹ́ ìtìjú sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù rẹ. Ẹ̀yáwó tí ìjọba ń fún akẹ́kọ̀ọ́ nípasẹ̀ àjọ NELFUND, láti ọdún 2024, kò ní èlé. Ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà, òfin sì sọ pé sísan padà kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2 lẹ́yìn tí o bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Gbèsè ṣì ni, nítorí náà, jẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí o tó buwọ́ lù ú.

Wá iṣẹ́ ọwọ́ kan kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ. O rántí ọdún 2022, tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, fi oṣù 8 da iṣẹ́ sílẹ̀, láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá. Àwọn kan fi àkókò yẹn kọ́ aṣọ rírán, irun ṣíṣe tàbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, owó rẹ̀ sì ran wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n padà. Bí ilé ìwé bá tì, kí ọpọlọ rẹ má ṣe tì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àárò ilé yóò sọ ọ́, o sì lè sunkún. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Èmi náà á máa sunkún níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ náà bá pẹ́, tí oúnjẹ kò lọ, tí oorun ń sá, tí ayé sì sú ọ, má ṣe sọ pé ọ̀lẹ ni ọ́. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Lọ sí ilé ìwòsàn, lọ bá àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, kí o sì pè mí, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Máa gbàdúrà, máa lọ sílé ìsìn, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìpàdé gba àkókò tí ó yẹ kí o fi kàwé.

Kò sí ìròyìn kan láyé yìí, Àdùnní, tí yóò burú débi tí n kò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Bí o bá fìdí rẹmi, sọ fún mi. Bí o bá ṣàṣìṣe, sọ fún mi kí o tó fi èkejì bò ó mọ́lẹ̀. Mo lè bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní kẹ̀yìn sí ọ.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. O kò ní pàdé agbako. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti sọnù, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ọ. Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe. Dìde kí a tó jí ọ, béèrè kí ó tó pẹ́, kí o sì pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí o bá dé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.