ÒKÈ ÌBÀDÀN KÌ Í PURỌ́: IBẸ̀ NI KÍLỌ́Ọ̀ṢÌ TI Ń JẸ́WỌ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ìbàdàn dáadáa, kó má dúró sójú títì márosẹ̀ tó ti Èkó wá. Kó wọ takisí Micra ní Gate, kó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹrẹ́bà, kí wọ́n gba Ọ̀jé lọ sí Bẹẹrẹ, kí wọ́n sì gun òkè Mápó. Á rí i pé ilé Olúyọ̀lé kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ rárá. Bí ọkọ̀ bá gun òkè kan tán, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mìíràn ló ń dúró dè é. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929 jókòó téńté sórí òkè tirẹ̀. Ilé gogoro Láyípo tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936 náà wà lórí Òkè Ààrẹ. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń wo páànù dídípẹtà lọ títí tójú ò fi rí òpin rẹ̀ mọ́.

Àlejò á máa wo páànù, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́n nípa ọkọ̀ á máa wo ẹsẹ̀ òsì dẹrẹ́bà. Orí kílọ́ọ̀ṣì lẹsẹ̀ yẹn wà. Bí góòsìlóò bá mú wọn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, dípò kí dẹrẹ́bà fa ańbíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti tọ́tù ló fi ń gbé ọkọ̀ ró kó má bàa yí sẹ́yìn. Èrò kan sọ̀, òmíràn wọlé, ó tún di kílọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jóná díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kù díẹ̀ kó parí, ẹlòmíì á fọ ọkọ̀ ọ̀hún, á kùn ún ní ọ̀dà tuntun, á gbé e sẹ́bàá títì pé òun fẹ́ tà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá aláta ní Bódìjà, ó kan káfíńtà tó fẹ́ máa fi ọkọ̀ kó àga. Owó àjọ ọdún méjì-mẹ́ta ni wọ́n ń mú bọ̀. Àwọn àgbà sì ní, bí a bá fowó ra òòyì, ó yẹ kó kọ́ni lójú. Ẹni tó ń tà á á ti máa polówó: "Màmá, ẹ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi tuntun!" Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lọ̀tọ̀, kílọ́ọ̀ṣì lọ̀tọ̀, gíábọ́ọ̀sì náà lọ̀tọ̀.

Alárinà ni kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Àwo pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n lẹ nǹkan líle mọ́ lójú méjèèjì, irú èyí tó wà lára bíréèkì. Bí dẹrẹ́bà bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àwo náà á kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Bó bá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, á gbá a mú pinpin. Bí ojú rẹ̀ bá ti wá jẹ tán, á máa yọ̀ bíi sálúbàtà ògbólógbòó nínú ẹrọ̀fọ̀.

Nítorí náà, láàárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ wo ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì mú mẹkáníìkì yín dání. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná kẹ́ ẹ tó dé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, torí ọkọ̀ tútù ló ń sọ òótọ́. Kí wọ́n tan án, kí gíà wà ní fíríì, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́. Bí ariwo kan bá ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, tó sì dákẹ́ bí mẹkáníìkì ṣe tẹ̀ ẹ́, bíárìn inú gíábọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ gan-an lariwo bẹ̀rẹ̀, bíárìn kílọ́ọ̀ṣì ló ń ké. Ariwo méjì, àìsàn méjì.

Kí mẹkáníìkì wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kó ka ení dé àrún, kó wọ rìfáàsì. Bó bá dún kràà, kílọ́ọ̀ṣì kò kúrò lára ẹ́ńjìnnì tán nìyẹn. Ó lè jẹ́ wáyà rẹ̀ ló dẹ̀, tàbí kí epo máa jò lára ọkọ̀ tó ń lo epo láti fi tì í. Irú ìyẹn kì í sábà náni lówó púpọ̀. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó tún wọ gíà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, tí wọn ò sì fẹ́ wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ kílọ́ọ̀ṣì ni. Bí wọ́n bá kọ̀ nígbà méjèèjì, ẹ wo irin tó so ọwọ́ gíà mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tàbí inú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Ó yá, ẹ wọ ọkọ̀. Láti Ìwó Road títí dé Gate, kó yí gbogbo gíà lọ, kó sì yí wọn padà. Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ha, gíà kejì ló sábà máa ń jẹ́, òrùka bàbà tó ń bá a wọlé ló ti jẹ. Gíà tó bá ń fò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí dẹrẹ́bà tú tọ́tù sílẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ní Gate, ẹ sọ̀ sí ọjà Ararọ̀mí, níbi tí wọ́n ti ń ta sípíápáàtì. Ẹ béèrè iye àwo kílọ́ọ̀ṣì, irin tó ń tẹ̀ ẹ́, àti bíárìn rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹyọ kan tó fi méjì sílẹ̀ lè sanwó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè iye gíábọ́ọ̀sì bẹ́ljíọ̀mù náà. Kí iye wọ̀nyí wà lọ́kàn yín, àwọn lẹ ó fi dúnàá-dúrà.

Wàyí o, ẹ ti dé Bẹẹrẹ, òkè Mápó wà níwájú. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù, kí èrò tó pọ̀ lójú títì. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré díẹ̀, kó wọ gíà kẹta, kó tẹ tọ́tù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń lọ sókè ni eré ọkọ̀ náà á ṣe máa lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè, tí ọkọ̀ ń rìn bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, tí òórùn nǹkan tó jóná sì gba inú ọkọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Àwọn kan ń da epo tó ki sínú gíábọ́ọ̀sì láti fi pa ariwo rẹ̀ lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò sí epo tó lè bá kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ gun òkè.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ sá fún gbogbo ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti jẹ. Bí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bá dára, ẹ yọ owó kílọ́ọ̀ṣì àti owó iṣẹ́ mẹkáníìkì kúrò nínú iye tí wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n bí gíà bá ń fò jáde, tí mẹkáníìkì sì ja epo gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀ tó bá èérún irin wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Bí ẹni tó ń tà á bá sì ní, "Màmá, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa gbé e gun òkè, ẹ sáà sanwó," ẹ di owó yín padà sí ìdí aṣọ. Ọkọ̀ tí kò lè gun Mápó ní òfìfo, báwo ni yóò ti ṣe é lọ́jọ́ tí àpò ata mẹ́wàá bá wà nínú rẹ̀?