Sípíkà Tí Òjé Kọ̀ Láti Dì Mọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn tú ẹ̀yà sípíkà Bluetooth sórí tábìlì: pátákó iná kan, bátìrì fóólìtì 3.7, sípíkà kékeré kan, wáyà pupa àti dúdú. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni ó fi rà wọ́n, kí ìyá rẹ̀ àgbà, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, lè máa gbọ́ ìròyìn ketekete láti orí fóònù.

Òjé tí a fi tánganran lú tètè máa ń yọ́, ní nǹkan bí 183°C. Ṣùgbọ́n bí wáyà fúnra rẹ̀ kò bá gbóná, òjé yóò kàn gùn ún lórí ni, kò ní dì mọ́ ọn. Àṣìṣe ọmọ náà nìyí. Ó tan ẹ̀rọ, kẹ́kẹ́ pa.

Ìyá àgbà ní, “A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ tó gbóná.”

Ó tún irin mú. Ó kọ́kọ́ mú wáyà gbóná, lẹ́yìn náà ni ó fi òjé kàn án, títí ó fi ń dán bí omi. Ohùn bá jáde.

Orílẹ̀-èdè tí ń ra gbogbo ẹ̀rọ ní títò tán kò fi irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.