Àpótí Kékeré Méjì fún Ohùn Àwọn Àgbà

Òjò kan rọ̀ ní Alákìá ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, òjò náà sì ní àrá nínú. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú agbára tí ó mú kí gílóòbù yàrá mọ́lẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó ń gbé inú ilé náà tó sáré fa wáyà yọ lára ògiri, ẹ̀rọ ayárabíàṣá rẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí, kò dáhùn.

Ẹ̀rọ náà kọ́ ni ó dun obìnrin yìí jù. Ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, ènìyàn a sì máa ra òmíràn. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni. Fún ọdún 19 ni ó ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí abúlé àwọn òbí wọn ní agbègbè Ẹgbẹ́dá, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: oríkì ìdílé, ẹkún ìyàwó, ìjálá, ìtàn bí a ṣe tẹ abúlé dó. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, fóònù ni wọ́n ń lò nígbẹ̀yìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó da gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ọ̀rinrin àti eruku sì ti ba àwọn kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ tán, ó kó wọn dànù. Ohùn àgbà 43 ni ó kù nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ni ohùn ọ̀hún ti di ẹni ilẹ̀.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Ìwó Road. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ tú ìdí rẹ̀, ó yọ hard drive inú rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó sì gbé etí lé e. Ó ń dún kọ, kọ, kọ, bí ìgbà tí àparò ń ṣá àgbàdo gbígbẹ.

“Màmá, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Orí tí ó ń ka nǹkan nínú rẹ̀ ti ń ha àwo. Ṣé ẹ ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn ni?”

“Mi ò ní, ọmọ mi.”

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Nínú hard drive tí ó ń yí, àwo dídán kan wà tí ó máa ń yípo ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń gbé káàkiri. Orí kékeré kan ń fò lórí àwo yìí láìfara kàn án, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì kéré ju ìbú irun orí ènìyàn lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Bí ó bá ṣubú tàbí tí ó bá gbó, orí yìí lè kan àwo. Ibi tí ó bá sì ti ha, ohun tí a kọ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìwé The History of the Yorubas yóò mọ̀ pé irú òfò yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, fi ohun tí ó lé ní 20 ọdún kó ìtàn Yorùbá jọ, ó sì parí rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ìròyìn kankan mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún ní 1900, èsì tí ó gbà ni pé ìwé náà ti sọnù, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Bí ẹni pé a lè fi owó san ogún ọdún! Johnson kú ní 1901 láìfojú rí ìwé náà. Ohun tí ó gba ìtàn Yorùbá sílẹ̀ ni àwọn àkọsílẹ̀ wúruwùru tí ó fi sílẹ̀ nílé. Inú àwọn wọ̀nyí ni Obadiah ti tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí ó sì tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú omi ogun Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó tẹ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́. Ọdún 1921 ni ó jáde. Samuel Ajayi Crowther náà ti rí irú rẹ̀ ní Èkó ṣáájú, nígbà tí iná jó ilé rẹ̀ ní 1862 pẹ̀lú àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tí ó ti ń kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Olùkọ́ Alákìá yìí ti máa ń sọ ìtàn Johnson fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò fi ìgbà kan rò pé ó kan òun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan rí ohùn bàbá ńlá rẹ̀ nínú fóònù àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti wú. Ọ̀kan tí ó wà ní Kánádà rí méjì nínú ímeèlì tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òmíràn rí mẹ́ta nínú fláàṣì. Nígbà tí oṣù méjì yóò fi pé, ohùn 17 ti padà wálé. Ìyẹn 26 tí ó kù, a kò rí wọn.

Ìgbà yìí ni ó tó lọ ra hard drive tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta. Ọmọ tí ó ń ta á kọ́kọ́ nawọ́ sí ọ̀kan tí ó rẹwà, tí owó rẹ̀ sì kéré.

“Màmá, terabyte 16 ni eléyìí. Gbogbo ayé yín ni yóò wọ inú rẹ̀.”

“Ọmọ mi, ṣé o máa jẹ́ kí n kó nǹkan sí i títí yóò fi kún, kí n tó sanwó?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sínú páálí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú òmíràn. Àwọn kan wà lọ́jà tí ó jẹ́ pé káàdì kékeré ni ó wà nínú wọn; a ti kọ́ wọn láti máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àwọn tóbi. Wọn yóò gba gbogbo ohun tí a bá kó sí wọn, orúkọ fáìlì yóò hàn, ṣùgbọ́n bí káàdì bá ti kún, tuntun ni yóò máa pa àtijọ́ rẹ́. Ọjọ́ tí a bá nílò fáìlì ni a tó mọ̀. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ó ti Jámánì wá, ń tú wọn fó: yóò kọ nǹkan kún inú rẹ̀, yóò sì tún un kà padà.

Obìnrin náà ti ṣírò kí ó tó kúrò nílé. Ohùn wákàtí kan tí a gbà lọ́nà tí kò dín adùn rẹ̀ kù, bíi ti orí CD, jẹ́ nǹkan bíi megabyte 635. Kódà bí gbogbo ohùn 43 bá pé, tí ìkọ̀ọ̀kan sì gba wákàtí kan, wọn kò lè kọjá gigabyte 28. Terabyte kan tó, ó ṣẹ́ kù. Nítorí náà kò ra ńlá kan. Ó ra kékeré méjì, terabyte kan kan, láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Seagate, Western Digital àti Toshiba nìkan ni ó ń ṣe èyí tí ó ń yí, orúkọ yòówù tí wọn ì báà kọ sí ara rẹ̀. Èyí tí a bá ṣe lọ́jọ́ kan náà lè ní àbùkù kan náà. Nígbà tí ó rí i nílé pé kọ̀ǹpútà pè é ní gigabyte 931, kò bínú: ẹgbẹ̀rún ni àwọn tí ó ṣe é fi ń kà, 1,024 ni Windows fi ń kà.

Ó wo SSD náà. Kò ní ohun tí ń yí nínú, ó sì lè ṣubú kí ó má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wọ́n jù, bí ó bá sì wà nínú àpótí fún ọdún púpọ̀ láìfojú kan iná, ó lè gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Ó ṣe é ní exFAT kí kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi lè kà á, kí ó sì gba fíìmù ọdún eégún tí ó ju gigabyte mẹ́rin lọ, èyí tí FAT32 kò lè gbà. Kò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í. Àwọn kan yóò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú, ta ni yóò ṣí i? Ìbéèrè ìdánwò kò sí níbẹ̀ ṣá o.

Ìbàdàn ti fojú rí omíyalé: ti Ògùnpa ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 1980, àti ti ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011. Àpótí méjì nínú ilé kan, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú omi àti lójú olè. Nítorí náà ọ̀kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Alákìá, èkejì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Mónìyà, tí wọ́n fi aṣọ wé sínú kúlà oúnjẹ. Wọ́n ń pààrọ̀ wọn ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í fi í sílẹ̀ lára kọ̀ǹpútà bí ó bá ti kó nǹkan sí i tán, nítorí kòkòrò kọ̀ǹpútà bíi WannaCry, tí ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní oṣù karùn-ún 2017, a máa ti ohunkóhun tí ó bá so mọ́ ẹ̀rọ náà pa pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó padà sí abúlé kan lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá, níbi tí ìyá àgbà kan ti sun ẹkún ìyàwó fún ogójì ìṣẹ́jú láyé àtijọ́. Ohùn yẹn wà lára 26. Ọmọ ìyá náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti darúgbó, ni ó bá níbẹ̀.

“Ẹ̀yin tíṣà, mi ò mọ̀ ọ́n bí ìyá mi ṣe mọ̀ ọ́n,” ni ó wí. “Ibi tí mo bá gbọ́n dé ni mo máa sun ún dé.”

Ó sun ún fún ìṣẹ́jú 11, ó dákẹ́, ó gbìyànjú láti rántí ìlà kan, kò rántí rẹ̀. Wọ́n gba ìdákẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó kó o sínú hard drive tí ó wà nílé, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà ní Kánádà, ó sì yọ wáyà lára ògiri.