Asọ̀rọ̀mágbèsì

Àwọn àgbà mọ nǹkan í sọ lórúkọ. Wọ́n pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Fóònù GSM tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 2001 ń gba èsì ní tirẹ̀. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti ọ̀nà jíjìn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé wa lọ́jọ́ ọdún. Ìyá wa béèrè pé, “Ta ni yóò jẹ àkàrà?” Àwọn àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ wọn tẹrí ba fún fóònù, kò sí ẹni tí ó fọhùn, Tanímọ̀la, ajá wa, nìkan ni ó ń ju ìrù.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí á sọ ìyá tí ó bí wa di asọ̀rọ̀mágbèsì.