Amòòkùn Wà Nísàlẹ̀ Òkun, Olè Wà Nídìí Ọkọ̀: Ọgbọ́n Tí Wọ́n Ń Dá sí Olè ní Bonaire

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Bí èèyàn bá fẹ́ kúrò nídìí ìsọ̀ rẹ̀, kí ló máa ń ṣe? Ṣebí á ti ìsọ̀ pa, á fi àgádágodo há a, á tún fà á wò bóyá ó dè dáadáa. Àmọ́ erékùṣù kan wà lójú òkun Káríbíánì tó jẹ́ pé bí àlejò bá fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ létí omi, ìmọ̀ràn tí wọ́n máa gbà á ni pé kó sọ gbogbo gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, kó má ti ilẹ̀kùn, kó ṣí àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀ sílẹ̀ gbayawu, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní òun gbọ́n, tó ti tirẹ̀ pa gbọningbọnin, àfọ́kù gíláàsì ló ṣeé ṣe kó bá lórí àga nígbà tó bá padà dé.

Kì í ṣe àwàdà o. Bonaire ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Bíi kìlómítà 80 ló fi jìnnà sí etíkun orílẹ̀-èdè Fẹnẹsúélà, lápá àríwá. Kò tóbi rárá: kìlómítà 288 ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ níbùú àti lóròó, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ bíi 25,000 lọ́dún 2024. Kralendijk ni olú ìlú. Abẹ́ ìjọba Hòláńdì ni wọ́n wà. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ìjọba ìbílẹ̀ àkànṣe, nígbà tó sì di ọdún 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná dọ́là Amẹ́ríkà. Papiamentu ni èdè ìgboro, àdàlù èdè Potogí, ti Sípéènì, ti Hòláńdì àti ti àwa adúláwọ̀.

IYÙN LÓ Ń FÀ WỌ́N LỌ

Kí wá ni àlejò ń wá débẹ̀? Iyùn ni. Kì í ṣe èyí tó wà lọ́rùn ọba o, iyùn tó ṣì wà láàyè nínú omi ni, tó ń hù bí igbó, tí ẹja aláràbarà ń wọ inú rẹ̀ tí wọ́n ń jáde. Ní ọ̀pọ̀ erékùṣù Káríbíánì, àfi kí èèyàn wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó débi tí iyùn wà. Ní Bonaire, etílé ló wà. Èèyàn á wa ọkọ̀ dé etí òkun, á gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, irin tó jọ sílíńdà gáàsì ìdáná, á wọ bàtà rọ́bà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ omi, ó di ìsàlẹ̀.

Kí àlejò má baà ṣìnà, wọ́n to òkúta sí ẹ̀bá títì, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò, wọ́n sì kọ orúkọ ibẹ̀ sí i lára. Irú ibẹ̀ ju 50 lọ. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ amòòkùn máa ń háyà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ gba sílíńdà, omi iyọ̀ tó ń kán lára aṣọ wọn ò sì ní ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀kan nínú ibi tí ọkọ̀ kì í wọ́n ni iwájú ibi tí ọkọ̀ òkun Hilma Hooker rì sí. Ìtàn rẹ̀ dùn. Lọ́dún 1984, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yìí dákú lójú òkun, wọ́n fà á wọ èbúté Bonaire. Ìwé rẹ̀ ò pé, ni àwọn aláṣẹ bá yẹ inú rẹ̀ wò. Àṣé ògiri èké wà níbẹ̀, igbó tó tó bíi tọ́ọ̀nù 11 ni wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀! Ẹni tó ni ọkọ̀ ò yọjú. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ọkọ̀ tó ti ń jo omi dojú dé, ó rì lọ sísàlẹ̀ bíi mítà 30. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí dòní, tí àwọn amòòkùn ń lọ wò ó.

OLÈ MỌ AAGO

Ọ̀rọ̀ wá débi tó wà. Olè ọjà tiwa ń ṣọ́ ìgbà tí ọlọ́jà máa yíjú, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tó máa yíjú padà. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ fi ń já. Olè etíkun Bonaire ò ní irú wàhálà yẹn. Ó ń wo àlejò bó ṣe ń wọ omi. Bí orí rẹ̀ bá ti pòórá, ó di bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan kó tó tún rí i. Kò sí ariwo tó lè dé etí ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkun, kò sì sí ẹni tó máa bá a pe olè. Òkúta yẹ́lò tó júwe ọ̀nà fún àlejò, olè náà mọ̀ ọ́n kà.

Kí ni wọ́n ń jí? Owó, fóònù, kámẹ́rà, awò ojú, bàtà, táwẹ̀lì pàápàá. Olóhun á jáde látinú omi, aṣọ rọ́bà á lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò ní sí ṣòkòtò gbígbẹ tó máa wọ̀. Èyí ṣì kéré. Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà ló bá a lọ ńkọ́? Kò sí ilé aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní erékùṣù yẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà pàápàá, Curaçao, erékùṣù mìíràn, ni ilé aṣojú tiwọn wà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ló máa fi relé?

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Bonaire kì í ṣe ìlú olè. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ń lọ tó ń bọ̀ tí abẹ́rẹ́ wọn ò sọnù. Àwọn ará ìlú tó ń háyà ọkọ̀, tó ń se oúnjẹ tà, tó ń gbálẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ara àlejò ni wọ́n ti ń jẹun, inú wọn kì í sì í dùn bí ẹnì kan bá ba ọjà wọn jẹ́. Olè tó ń ṣẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ni ti ẹni tó ń mú ohun tí wọ́n gbàgbé sínú ọkọ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń kojú èèyàn.

OHUN TÍ KÒ SÍ NÍBẸ̀, OLÈ Ò LÈ JÍ I

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Bí àlejò bá ti ọkọ̀ pa, olè á rò pé nǹkan gidi ló wà nínú rẹ̀. Á fọ́ gíláàsì. Ó lè jẹ́ bàtà gbígbó kan ló máa bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò ló máa san owó gíláàsì fún ẹni tó ni ọkọ̀. Gíláàsì sì wọ́n ju bàtà gbígbó lọ. Bí ọkọ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, olè á yọjú wò ó, á sì kọjá. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣí àpótí iwájú ọkọ̀ sílẹ̀ náà nìyẹn: kí olè rí i láti òkèèrè pé òfìfo ni.

Àmọ́ ọgbọ́n yìí ò pé bí nǹkan bá wà nínú ọkọ̀. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ tó wá fi àpamọ́wọ́ sábẹ́ àga, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ se àsè fún olè. Ìwé ìrìnnà, owó ńlá àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, inú àpótí irin òtẹ́ẹ̀lì ni kí wọ́n wà. Ìwọ̀nba owó omi àti oúnjẹ ni kéèyàn mú dání.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ amòòkùn ni kó wà, kó so ó mọ́ ara nínú omi. Kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sórí táyà, nítorí ibẹ̀ ni olè kọ́kọ́ ń fọwọ́ wá. Kọ́kọ́rọ́ òde òní tó ní bátìrì, omi iyọ̀ ń pa á. Nítorí náà, kí àlejò bèèrè ọkọ̀ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ irin lásán, tàbí kó ra ike tí omi ò lè wọ̀. Kó tún bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń háyà ọkọ̀ bóyá adójútòfò ń san owó gíláàsì àti ti ẹrù tó bá sọnù, kó tó fọwọ́ sí ìwé. Abèèrè kì í ṣìnà.

Èyí tó dára jù ni kí ẹnì kan jókòó ti ọkọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, kí méjì wọ omi, kí méjì dúró, kí wọ́n sì gbà á fún ara wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

APÁ GÚÚSÙ

Níbi tó dá páropáro ni kí wọ́n ti ṣọ́ra jù. Irú rẹ̀ ni apá gúúsù erékùṣù náà, níbi tí iyọ̀ funfun ti ga bí òkè. Àwọn ahéré òkúta kéékèèké wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1850. Àgbàlagbà ò lè nàró nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kó lẹ́rú ń sùn láàárín ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá wa iyọ̀ tán nínú oòrùn. Lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rin bíi wákàtí méje lọ sọ́dọ̀ àwọn aya àti ọmọ wọn ní Rincon. Ọdún 1863 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Nítorí náà, bí àlejò bá dúró níbẹ̀ tó ń sunkún fóònù, kó wo ahéré yẹn dáadáa. Olè tó tóbi jù tó ṣẹlẹ̀ létíkun yẹn, èèyàn ni wọ́n jí.

Àlejò pàápàá lè di olè níbẹ̀. Láti ọdún 1975 ni òfin ti ká a léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣá iyùn, ì báà jẹ́ òkú iyùn. Nígbà tó di 1979, wọ́n sọ gbogbo omi tó yí erékùṣù náà ká di ọgbà tí ìjọba ń dáàbò bò, láti etí omi títí dé mítà 60 nísàlẹ̀. Amòòkùn ń sanwó kó tó wọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà máa di iyùn mú.

Ẹ̀MÍ JU ẸRÙ LỌ

Ọ̀kan ló kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó fi ọkàn sínú ọkọ̀ wọ inú òkun, ewu ń bẹ fún un. Bó bá rántí àpò rẹ̀, tó sáré gòkè, afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ lè hó bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò mínírà lójijì. Ó lè rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀, ó sì lè pani. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má gòkè ju bíi mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì dúró díẹ̀ ní bíi mítà 5 kí wọ́n tó yọrí. Bó bá sì yọrí tó rí olè nídìí ọkọ̀, kó má lé e. Eré àsápajúdé lẹ́yìn ìmòòkùn léwu fún ara, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ olè. Kó wo ojú rẹ̀ dáadáa, kó sì lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà tàbí Hòláńdì, tó bá ní òun ń lọ ṣeré ní Bonaire, ẹ má dá a dúró, ibẹ̀ dára. Ẹ ṣáà sọ fún un kó fi ìwé ìrìnnà sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, kó ṣí gíláàsì ọkọ̀ òfìfo sílẹ̀, bó bá sì wà nísàlẹ̀ omi, kó gbàgbé ọkọ̀, kó rọra gòkè. Wọ́n ń ta fóònù lọ́jà. Wọn ò ta ẹ̀mí.